Bẹntiróòlù kọ́ ni ọṣẹ ẹ́ńjìnì

Ẹ yà sí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì lójú títì tó jáde sí Ìlọrin láti Ògbómọ̀ṣọ́, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi rí i: kẹ́ẹ̀gì lítà 5 tí wọ́n gé sí méjì, bẹntiróòlù tó ti pọ́n bí àgbo nínú rẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tí irun rẹ̀ ti ṣí tán. Kábúrétọ̀, ẹ̀yà ẹ́ńjìnì tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́, ló wà nísàlẹ̀ yẹn. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ti ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ọrùn ọwọ́, ó ń gbo ó. Jẹnẹrétọ̀ ń hó gèè ní ìṣísẹ̀ mẹ́rin sí i, ajórin sì ń ta iná ní ṣọ́ọ̀bù kejì. Kò sẹ́ni tó kà á sí nǹkan kan, torí ojoojúmọ́ ni.

Ká sọ òótọ́, bẹntiróòlù mọ gírísì í tú. Ìdí nìyẹn tí kò fi kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Ohun tó ń bá a wọlé ni wàhálà. Epo kọ̀ọ̀kan ló ní ìwọ̀n ooru tó gbọ́dọ̀ dé kí afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára rẹ̀ tó lè gbaná bí ẹ̀ta iná bá kàn án. Ti bẹntiróòlù wà ní nǹkan bíi -43°C. Yìnyín inú fìríìsà kò tutù tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà bó ṣe ọyẹ́, bó ṣe òjò, kò sí ìgbà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò ṣe tán láti gbaná. Afẹ́fẹ́ náà wúwo ju èyí tí à ń mí lọ ní ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin. Kì í gòkè. Ilẹ̀ ló ń wọ́ lọ bí ejò, á sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò tí wọ́n ti ń wo abẹ́ ọkọ̀, á dúró síbẹ̀. Iná tó sọ lọ́dọ̀ ajórin lè tọ ipa rẹ̀ padà wá bá kẹ́ẹ̀gì. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí fi máa ń búra pé iná ò sí nítòsí.

Yàtọ̀ sí iná, benzene wà nínú bẹntiróòlù. IARC, àjọ tó ń wádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, kà á mọ́ àwọn ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ. Jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ni tirẹ̀. Imú ló ń gbà wọlé jù, awọ ara náà sì ń jẹ́ kó kọjá. Ìbòmú aṣọ kò dá a dúró rárá.

Àwọn kan ti fi bẹntiróòlù sílẹ̀, kẹrosíìnì ni wọ́n ń lò. Ó sàn jù, kì í sì í ṣe díẹ̀. Ìwọ̀n ooru tí afẹ́fẹ́ kẹrosíìnì fi lè gbaná bẹ̀rẹ̀ láti 38°C, ti dísù ju 50°C lọ. Ṣùgbọ́n ẹ rántí bí ooru ṣe máa ń mú ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní oṣù kejì sí ìkẹta, lábẹ́ páànù tí kò ní sílíǹgì: 38°C kò jìnnà síbẹ̀. Kẹrosíìnì tí wọ́n bá sì ti fi bẹntiróòlù là ti di nǹkan mìíràn, torí bẹntiróòlù díẹ̀ tó láti já ìwọ̀n yẹn wálẹ̀ pátápátá. Ògidì rẹ̀ pàápàá ń fa ọ̀rá ara kúrò, ọwọ́ á máa là, á máa yún.

Ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ kì í bi ara wọn ni pé: kí ló lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ gan-an? Ìdọ̀tí ara ẹ́ńjìnì, ọ́ìlì àti eruku ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ọṣẹ àti omi gbígbóná ló ni ìyẹn. Gọ́ọ̀mù kì í ṣe ọ́ìlì. Ọ̀dà kì í ṣe ọ́ìlì. Omi bíréèkì kì í ṣe ọ́ìlì ẹ́ńjìnì. Ẹni tó bá fẹ́ fi ohun kan ṣoṣo tú gbogbo wọn, èyí tó burú jù ni yóò máa lò, torí òun nìkan ló lè ká gbogbo wọn.

Àwọn ìyá wa ti mọ ìdí ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Omi eérú àti àdín ni wọ́n fi ń se ọṣẹ dúdú, omi eérú yẹn ló sì ń já ọ̀rá. Ìbátan rẹ̀ wà lọ́jà: sódà áàṣì, ìyẹ̀fun funfun tí àwọn aláàdìrẹ àti àwọn tó ń po ọṣẹ olómi ń rà ní kílò-kílò. Fún irin lásán, lítà 10 omi, sódà áàṣì gíráàmù 300 ó lé díẹ̀, ọṣẹ olómi mílílítà 100. Ẹ kò nílò òṣùwọ̀n: ẹ ra kílò kan, ẹ pín in sí mẹ́ta lọ́gbọọgba, ìpín kan tó. Ẹ má rò pé bí ọṣẹ bá pọ̀ sí i ni yóò mọ́ sí i. Bó bá pọ̀ jù, ọ́ìlì kò ní léfòó mọ́, á dàpọ̀ mọ́ omi bíi wàrà, ẹ ò sì ní lè yọ ọ́ kúrò láti tún omi náà lò.

Omi gbọ́dọ̀ gbóná tó 60°C. Ẹni tí kò ní ohun tí a fi ń wọn ooru, kó da lítà 5 omi tó ń hó mọ́ lítà 5 omi ẹ̀rọ, yóò bọ́ sí àyíká ibẹ̀. Gírísì tó dì kì í yọ́ nínú omi tútù, ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ẹni tó dán an wò tó ní kò ṣiṣẹ́ ti ṣìnà. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó nípọn àti gíláàsì ojú ṣe pàtàkì. Sódà áàṣì kò le tó kọ́sítíìkì, ìyẹn sódà tó ń jó awọ ara, ṣùgbọ́n ojú kò fẹ́ ẹ rárá.

Kí irin tó kan omi, ní gbígbẹ ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí ike fá gírísì tó nípọn sínú agolo, kí ẹ fi sọ́dọ́ọ̀sì láti sọ́míìlì gbo ìyókù. Ẹni tó bá fo èyí yóò fi irin àkọ́kọ́ ba omi jẹ́. Lẹ́yìn náà ẹ ri irin náà sínú omi fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírun ike gbo ó, ẹ dá a padà fún ìṣẹ́jú 15 bó bá ṣì ń lẹ̀. Omi gbígbóná tó mọ́ ni kí ẹ fi ṣàn án, kì í ṣe omi tútù, torí irin tó bá jáde pẹ̀lú ooru lára máa ń tètè gbẹ fúnra rẹ̀. Ẹ fi kọ̀mpírẹ́sọ̀ fọn ọ́n tàbí kí ẹ sá a sóòrùn. Kó tó tó ìṣẹ́jú 10, ẹ fi àkísà tó ní ọ́ìlì tuntun pa á lára. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìpẹtà pupa fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ á ti yọ kí ẹ tó jẹun ọ̀sán tán. Ẹ̀sùn ìpẹtà yìí ni àwọn mẹkáníìkì máa ń fi kan omi jù, wọn ò sì purọ́. Ooru àti ọ́ìlì nìkan ni oògùn rẹ̀.

Nígbà tí omi bá tutù, ọ́ìlì á dúró lókè. Ẹ fi ife bù ú kúrò sínú àgbá ọ́ìlì kọ́ńdẹ̀mù, kí ẹ tún omi náà gbé kaná lọ́jọ́ kejì. Bí kò bá yọ̀ mọ́ láàárín ìka tó wà nínú ìbọ̀wọ́, ẹ fi ìdajì ìpín sódà kún un. Bó bá ti nípọn bí ewédú, ó ti parí iṣẹ́. Ẹ má dà á sí gọ́tà tó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, àgbàlá tí kò ní kànga kò sì pọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ jẹ́ kó tòrò, ẹ da sọ́dọ́ọ̀sì sí ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ títí yóò fi gbẹ, ẹ dì í sínú àpò.

Bíárìn gba ìṣọ́ra. Ẹ má fi afẹ́fẹ́ kọ̀mpírẹ́sọ̀ yí i bí òkòtó nígbà tí ọ́ìlì kò sí nínú rẹ̀. Ó dùn ún gbọ́ létí, mo mọ̀, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù inú rẹ̀ á fá, ó sì lè fọ́n sí èèyàn lójú. Bí kò bá dá yín lójú pé omi ti tán nínú bíárìn, iṣẹ́ yìí ni màá gbà kí ẹ fi dísù ṣe, ìwọ̀nba díẹ̀, nínú agolo tó ní ìdérí.

Kábúrétọ̀, písítìnnì, tọ́ọ̀pù àti ilé jíà, alumíníọ́mù ni púpọ̀ nínú wọn, sódà gbígbóná sì ń jẹ alumíníọ́mù. Á kọ́kọ́ ṣú, lẹ́yìn náà á yọ ihò tíntìntín. Omi gbígbóná àti ọṣẹ olómi nìkan ni tiwọn: mílílítà 200 sí lítà 10, kí wọ́n wà níbẹ̀ fún wákàtí kan. Èédú orí písítìnnì kò ní tú nínú rẹ̀. Ike ni kí ẹ fi fá a. Ohun tó dì bí oyin sínú ihò kékeré kábúrétọ̀ kì í ṣe ọ̀rá, bẹntiróòlù tó gbẹ síbẹ̀ ni, ọṣẹ kò ní tú u tán. Acetone díẹ̀ nínú ìgò kékeré, ní ìta gbangba, ló ń tú u. Ẹ yọ gbogbo rọ́bà inú rẹ̀ kúrò ná. Acetone náà ń gbaná kíákíá, -20°C ni tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí benzene nínú rẹ̀, mílílítà 50 ní ìgò sì yàtọ̀ sí lítà 3 nínú kẹ́ẹ̀gì tó ṣí sílẹ̀.

Àṣìṣe tó burú jù ń ṣẹlẹ̀ lọ́jà. Ẹni tí ẹ rán níṣẹ́ á ra kọ́sítíìkì bọ̀ dípò sódà áàṣì, torí méjèèjì funfun, "sódà" sì ni ontà ń pè méjèèjì. Kọ́sítíìkì máa ń wá ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ tàbí kóró-kóró, ó sì máa ń lami fúnra rẹ̀ bí wọ́n bá ṣí i sílẹ̀. Sódà áàṣì máa ń gbẹ bí ìyẹ̀fun. Bí ẹ bá ń ṣiyè méjì, ẹ po ṣíbí kékeré kan sínú ìdajì ife omi tútù ní ìta, ẹ ju bébà fóìlì díẹ̀ sí i. Kọ́sítíìkì á mú un hó kíkan láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, sódà áàṣì á kàn máa rọra ṣe é. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde níbẹ̀ ń gbaná, nítorí náà kí iná má sí nítòsí. Kọ́sítíìkì lè fọ́ ojú. Bó bá ta sí ẹnikẹ́ni lójú, ẹ máa da omi ẹ̀rọ sórí ẹyinjú rẹ̀ fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 15 kí ẹ tó máa wá ọkọ̀ ilé ìwòsàn.

Bíréèkì ní òfin tirẹ̀. Rọ́bà inú màsítà àti kálípà, àwọn ẹ̀yà bíréèkì tí omi bíréèkì ń ṣiṣẹ́ nínú wọn, kò bá epo rẹ́: bẹntiróòlù, kẹrosíìnì, dísù, ọ́ìlì ẹ́ńjìnì, gbogbo wọn ló ń mú un wú. Rọ́bà tó wú á há, bíréèkì á di táyà mú kò ní fẹ́ tú u sílẹ̀, wọ́n á sì ní ayédèrú ni rọ́bà tí oníbàárà rà. Omi bíréèkì tuntun tàbí sípíríìtì ni kí ẹ fi fọ inú rẹ̀. Eruku bíréèkì ńkọ́? Ẹ má fọn ọ́n. Asbestos, tí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, lè wà nínú bíréèkì àtijọ́. Ẹ fi omi ọṣẹ rin ín, kí ẹ fi àkísà nù ún.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni àwọn agolo tí wọ́n ń fín sí bíréèkì, pàápàá èyí tí ontà ń yìn pé kì í gbaná. Ẹ ka ara agolo. Bí ẹ bá rí trichloroethylene, tetrachloroethylene tàbí dichloromethane níbẹ̀, òótọ́ ni pé kì í tètè gbaná, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá jó irin tí èyí ṣì tutù lára rẹ̀, ooru ibẹ̀ lè sọ ọ́ di phosgene, afẹ́fẹ́ olóró tí wọ́n fi pa ọmọ ogun nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024 ni Amẹ́ríkà gbé òfin jáde láti fòpin sí trichloroethylene. Dichloromethane ló máa ń wà nínú èyí tí wọ́n fi ń bó ọ̀dà. Bó bá wọnú ara, ara á sọ díẹ̀ nínú rẹ̀ di carbon monoxide, afẹ́fẹ́ kan náà tí jẹnẹrétọ̀ fi ń pa àwọn tó gbé e sínú ilé. Fún ọ̀dà ara irin, kọ́sítíìkì tó po mọ́ omi ṣe é bó, pẹ̀lú sùúrù àti ìbọ̀wọ́. Omi ni ẹ ó kọ́kọ́ bù, kí ẹ tó máa rọra da kọ́sítíìkì sí i. Bí ẹ bá da omi lé kọ́sítíìkì, á hó ta síni lójú.

Ní Ọ̀yọ́, gọ́ọ̀mù ni ti àwọn oníṣẹ́ awọ. Tìmùtìmù awọ aláràbarà, àpò, abẹ̀bẹ̀, bàtà tí ẹ ń rí lọ́nà Akẹ̀sán, ìsọ̀ kékeré tí fèrèsé rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ ni wọ́n ti ń ṣe púpọ̀ nínú wọn. Ohun tó ń mú gọ́ọ̀mù inú agolo ṣàn ni toluene, hexane, tàbí àpòpọ̀ wọn. Hexane yìí ń pa iṣan ìmọ̀lára. Ní Jàpáànù ní àwọn ọdún 1960, àwọn tó ń fi gọ́ọ̀mù ṣe sálúbàtà nínú ilé ló kọ́kọ́ jẹ́ kí aráyé mọ̀ ọ́n dáadáa. Àwọn aránbàtà Ítálì náà jìyà rẹ̀. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀: á dà bíi pé èèrà ń rìn níbẹ̀, sálúbàtà á bọ́ lẹ́sẹ̀ ẹni láìmọ̀, nígbà tó bá yá ọwọ́ kò ní lè di abẹ́rẹ́ mú. Wọ́n á ní aráyé ni. Bí ẹni náà bá tilẹ̀ fi gọ́ọ̀mù sílẹ̀, ó ṣì lè máa le sí i fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀.

Ohun tí a máa rán kò nílò gọ́ọ̀mù olóòórùn, ohun tí yóò dì í mú títí abẹ́rẹ́ yóò fi dé ibẹ̀ ló fẹ́. Ẹ̀kọ láfún, irú èyí tí aláàdìrẹ ẹlẹ́kọ ń rò, ṣe iṣẹ́ yẹn: ìwọ̀n láfún kan sí omi mẹ́jọ, kí ẹ fi omi tútù díẹ̀ po láfún ná kó má di kókó, kí ẹ rò ó lórí iná títí yóò fi dán. Álọ́ọ̀mù díẹ̀ nínú rẹ̀ kì í jẹ́ kó tètè hu. Ó dára láti fi aṣọ mọ́ awọ àti awọ mọ́ páálí. Kò dára fún ẹsẹ̀ bàtà. Omi òjò kan ṣoṣo ti tó.

Gọ́ọ̀mù olómi funfun ló tẹ̀ lé e. Ẹ fá ojú awọ méjèèjì kó ṣe hánránhánrán, ẹ pa á fẹ́lẹ́ sí ìhà méjèèjì, kí ẹ dúró. Nígbà tí àwọ̀ wàrà yẹn bá lọ tán tó di mímọ́ gaara ni kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́ pọ̀, kí ẹ fi òòlù lù ú. Nígbà ọyẹ́, bíi ìṣẹ́jú 15. Nígbà òjò, ó lè ju ọgbọ̀n lọ. Ìkánjú ló ń bà á jẹ́: ẹni tó bá lẹ̀ ẹ́ nígbà tó ṣì funfun ti há omi mọ́ àárín, kò ní dì mú. Fún ẹsẹ̀ bàtà tó máa jìyà, bó bá di dandan kí ẹ lo gọ́ọ̀mù olóòórùn, ẹ wá èyí tí kò kọ n-hexane tàbí toluene sára, ẹ bù ú sínú agolo kékeré tí búrọ́ọ̀ṣì ń gba ihò ìdérí rẹ̀ wọlé, ẹ jókòó síta kí atẹ́gùn máa gbà á lọ. Ìsọ̀ tí ọmọdé ń sùn nínú rẹ̀ lálẹ́, ẹ má ṣí i níbẹ̀.

Fún àwọn onítẹ̀wé, òróró lè rọ́pò bẹntiróòlù tí wọ́n fi ń fọ rólà. Ẹ pa á lára, ẹ jẹ́ kó yí fún ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta, ẹ nu yíǹkì kúrò, kí ẹ wá fi àkísà olómi ọṣẹ nu òróró tó kù, torí yíǹkì tuntun kò ní mú lórí òróró. Àdín dára, ṣùgbọ́n ó máa ń dì láàárọ̀ ọyẹ́. Òróró sóyà àti ẹ̀pà kì í dì, àmọ́ àkísà tó ti mu wọ́n, pàápàá ti sóyà, bí wọ́n bá kó o jọ sí igun kan lè gbóná fúnra rẹ̀ títí yóò fi gbaná. Inú agolo tó ní omi àti ìdérí ni kí ẹ máa jù ú sí. Òróró yìí kan náà ń yọ ọ̀dà gúlọ́ọ̀sì lára búrọ́ọ̀ṣì bí kò bá tíì gbẹ. Tínnà tó ti dọ̀tí, ẹ má dà á nù: ẹ dé e fún ọjọ́ díẹ̀, ọ̀dà á sílẹ̀, ẹ rọra da èyí tó tòrò sínú agolo mìíràn.

Ọwọ́ ńkọ́? Kò sí ìdí kankan láti fi bẹntiróòlù fọwọ́. Òróró ṣíbí kan, ṣúgà ṣíbí kan, kí ọwọ́ gbẹ, kí omi má tíì kàn án. Ẹ fi gbo ó fún ìṣẹ́jú kan, ẹ fi àkísà nù ún, kí ẹ tó wá fi ọṣẹ dúdú àti omi ṣan ọwọ́. Bí omi bá ti ṣáájú, òróró kò ní lè dé ibi tí gírísì wà.

Ìyókù kẹrosíìnì, tínnà tàbí sódà tí ẹ bá ní, ẹ má rọ ọ́ sínú ike omi mímu tàbí ti ọtí ẹlẹ́rìndòdò, bó ti wù kó kéré tó. Bí ọmọ bá mu kẹrosíìnì, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má sì fi ọwọ́ mú un bì. Kẹrosíìnì inú ikùn kò burú tó èyí tó bá yà sínú ẹ̀dọ̀fóró, èébì gan-an ló sì ń gbé e lọ síbẹ̀. Ẹ bọ́ aṣọ tó ta sí kúrò lára rẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn bó ti wà, kí ẹ mú ike tó mu nínú rẹ̀ dání.